Ẹgbẹ́ Ó-Kù-Díẹ̀

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó jẹ́ pé, ilé yòówù kó wọ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá, ẹ má pè é lólè. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bí obìnrin yìí ṣe rí nìyẹn. Ó lè lọ kí ẹni tó bímọ, kó gbọ́mọ lọ́wọ́, kó máa rẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, síbẹ̀ kí ojú rẹ̀ wà lára wáyà iná tó gba abẹ́ ibùsùn kọjá. Ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ pè é mọ́. Láti orí ẹni tó ń gbálẹ̀ títí dórí ọ̀gá pátápátá, Anti Ẹ-Ṣọ́ra ni wọ́n ń pè é, nítorí pé "ẹ ṣọ́ra" ló máa ń sọ kó tó sọ pé ẹ káàárọ̀.

Iṣẹ́ ààbò ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ti ẹni tó ń dúró lẹ́nu géètì o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún gbogbo aládùúgbò nìyẹn. "Mẹ́gàádì ni àkọ́bí mi," ni ìyá náà máa ń wí, "àmọ́ mẹ́gàádì tó ní ọ́fíìsì ni." Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé láàárọ̀ fi ẹsẹ̀ méjèèjì jáde nírọ̀lẹ́. Òun ló ń yẹ àkàbà wò bóyá ó ti jẹrà. Òun ló ń bá àwọn ọmọkùnrin ìdí ẹ̀rọ jà pé kí wọ́n bọ́ òrùka ọwọ́ wọn, òun náà ló ń gba ìbọ̀wọ́ tó ti ya kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń po ọṣẹ. Wọ́n ń bú u lẹ́yìn, wọ́n ń sín in jẹ, ṣùgbọ́n bí ìka ẹnì kan bá kù díẹ̀ kó wọ ẹnu ẹ̀rọ, òun ni wọ́n ń sáré pè.

Ó gòkè lẹ́nu iṣẹ́ náà. Wọ́n fún un ní yàrá tirẹ̀ àti àga tó ń yí, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ilé-iṣẹ́ ọ̀dà tó wà lódìkejì ọgbà. Ilé-iṣẹ́ ọ̀dà yẹn ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà, àbígbẹ̀yìn ìyá wọn, ọmọ tó ga bí òpó iná, tí kì í yé súfèé. Lọ́sàn-án, bí wọ́n bá jáde wá jẹun, á wá dúró lẹ́bàá ọgbà, á máa súfèé sí fèrèsé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ìyẹn á fi yọjú bú u.

"Ìwọ ọmọ yìí, àṣíborí rẹ dà?"

"Ó wà lórí, Anti. Irun ni mo fi bò ó."

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ. Wọ́n ní kí ọmọkùnrin méjì wọ inú táńkì ńlá kan lọ gbá ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Táńkì tí wọ́n bá ti dé pa fún ìgbà pípẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè ti bàjẹ́. Kì í ní àwọ̀, ó sì lè má rùn rárá. Èèyàn á kàn mí in sínú ni, orúnkún á sì yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kékeré kan fi wà tí wọ́n fi ń dán afẹ́fẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ẹ̀rọ náà wà nínú dúrọ́ọ̀, bátìrì rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ náà wọlé, wọ́n ṣubú. Okùn tí wọ́n so mọ́ ìbàdí wọn ni Ọlọ́run fi yọ wọ́n. Òun ni wọ́n fi fà wọ́n jáde.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá pátápátá pe gbogbo wọn jọ. "Ọ̀rọ̀ inú ilé ni o," ó wí. "Ẹnu tó bá gbé e jáde, ẹnu náà ò ní jẹun níbí mọ́."

Anti Ẹ-Ṣọ́ra ra bátìrì tuntun, ó yan ẹni tí á máa ṣọ́ ẹnu táńkì, ó kọ́ gbogbo wọn lẹ́kọ̀ọ́ títí ẹnu fi bó o. Ó dá a lójú pé òun ti ṣe tòun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni lóde. Bí gbogbo ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn: aṣọ tó bá dọ̀tí, inú ilé ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́.

Ọdún kò yí po tí wọ́n fi ní kí ẹnì kan wọ táńkì ní ilé-iṣẹ́ ọ̀dà. Àbúrò rẹ̀ ni ẹni náà. Kò sí okùn ní ìbàdí tirẹ̀.

Ìyá wọn kò sunkún lójú èèyàn. Ó kàn jókòó ti àpótí aṣọ ọmọ náà, ó ń ká aṣọ rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Lọ́jọ́ kan ló gbójú sókè.

"Wọ́n ní irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ yín rí."

"Ó ṣẹlẹ̀, Màámi."

"O sì mọ̀."

"Mo mọ̀."

Ìyá náà padà sídìí aṣọ. Kò bú u, kò sì tún béèrè mọ́. Ìbá sàn kó bú u.

Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn ni ọkùnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ Anti Ẹ-Ṣọ́ra ní ilé-iṣẹ́ ọ̀dà. Ọ̀gá Ọ̀dà ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ó wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, kò jókòó.

"Ẹ dákun, Anti, ẹ má lé mi."

"Ta ló ní mo fẹ́ lé yín?"

"Tó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti lé ara mi." Ó ń wo ilẹ̀. "Òní ni ẹnì kan ń sọ fún mi pé ó ti ṣẹlẹ̀ níbí rí. Tí mo bá ti gbọ́ ni, Anti. Tí mo bá ti gbọ́ ni."

Anti Ẹ-Ṣọ́ra yí ojú sí fèrèsé. Fèrèsé ọ́fíìsì ọkùnrin náà ló kọjú sí tirẹ̀ gan-an. Látìgbà tí àwọn méjèèjì ti débẹ̀, wọ́n ń rí ara wọn nínú gíláàsì bí ẹja inú ìgò méjì, wọn ò sì kí ara wọn rí.

Látọjọ́ náà ni oorun ti di ọ̀wọ́n fún Anti Ẹ-Ṣọ́ra. Ó ń rò ó pé awakọ̀ ń pàdé awakọ̀ ní gáréèjì, pé télọ̀ mọ télọ̀, pé bí síméńtì kan ò bá dára, bíríkìlà kan á sọ fún èkejì kílẹ̀ tó ṣú. Àwọn oníṣẹ́ ààbò nìkan ló dá wà. Òṣìṣẹ́ kórìíra wọn nítorí pé wọ́n ń dí wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá ń sá fún wọn nítorí pé wọ́n ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Wọn ò sì ní ojúde kankan tí wọ́n ti lè jókòó ti ara wọn. Òun á kọ́ ojúde náà. Iṣẹ́ tí òun á máa ṣe nìyẹn, tí òun á máa jẹ nínú rẹ̀. Òun á gba yàrá, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ààbò káàkiri ìlú á máa san owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, wọ́n á máa pàdé lóṣooṣù. Ẹni tó bá wá gbọ́dọ̀ mú ohun kan dání: ohun tó kù díẹ̀ kó pa èèyàn níbi iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́, kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ ní Ẹgbẹ́ Ó-Kù-Díẹ̀.

Nígbà tó ní òun fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá pátápátá kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣeré ni.

"Ọ̀fọ̀ ló ń dà yín láàmú. Ẹ lọ sinmi, kẹ́ ẹ padà wá."

"Mi ò padà wá mọ́, sà."

"Ẹ gbọ́ mi, Anti Ẹ-Ṣọ́ra. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Títí ọdún á fi parí, mi ò ní gbé àga yín fún ẹnikẹ́ni."

Ó fi ọwọ́ ti àga náà lẹ́ẹ̀kan bó ṣe ń sọ ọ́. Ó yí, ó sì dúró.

Ti ìyá ló le jù.

"Kí lo wá fẹ́ máa tà?"

"Mi ò ta nǹkan kan, Màámi. Àwọn èèyàn á máa pàdé, wọ́n á máa sọ̀rọ̀."

"Wọ́n á sì sanwó."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí wọ́n lè sọ̀rọ̀." Ìyá náà pàtẹ́wọ́. "Yéè! Èmi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ látìgbà tí wọ́n ti bí mi! Ó yá, sanwó tàárọ̀ yìí kí n tó tún la ẹnu."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ọjọ́ kìíní rèé tí ẹ̀rín ń dún nínú ilé náà látìgbà tí ọmọ náà ti lọ, ẹ̀rù sì bà wọ́n.

"Torí ẹ̀ ni?" ni ìyá bi í.

"Torí ẹ̀ ni."

"Kò ní jí i o."

"Mo mọ̀, Màámi."

Yàrá gígùn kan ló gbà lókè ilé ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé nísàlẹ̀ máa ń mú kí ilẹ̀ gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn ló jẹ́ kó fẹ́ràn ibẹ̀. Ọ̀kan wà níwájú tí wọ́n ń gbà wọlé, èkejì wà lẹ́yìn, tó já sórí àtẹ̀gùn onírin, tí wọ́n ṣe fún ọjọ́ iná.

Wọ́n wá. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ yàrá kún fọ́fọ́. Ẹ tiẹ̀ rò ó wò, àwọn èèyàn tó jẹ́ pé àléébù ni wọ́n fi ń jẹun, tí gbogbo wọn wà nínú yàrá kan ṣoṣo! Ẹni yìí ń yẹ ẹsẹ̀ àga wò kó tó jókòó, tọ̀hún ń fi ìka tẹ ògiri. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé kí kálukú la ẹnu sọ tirẹ̀, ẹnu wọn wúwo.

"Ní tiwa, a dúpẹ́, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀," ni ọkùnrin kan wí. Ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹja sínú yìnyín ló ti wá, Yìnyín sì ni gbogbo wọn ń pè é.

"Ní tiwa náà," ni ẹlòmíràn tó wá láti ilé-ìwòsàn wí, "ó ti pẹ́ tí abẹ́rẹ́ ti gún ẹnikẹ́ni."

Obìnrin kan wà láàárín wọn tó ń bá àwọn tó ń kọ́ ilé gogoro ṣiṣẹ́. Alákàbà ni ìnagijẹ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì gbófo. "Bí ibi iṣẹ́ yín bá dára tó báyìí," ó wí, "ẹ jẹ́ kí n máa wá sùn síbẹ̀. Ilé tèmi gan-an ò tó o."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó kàn án, òun náà gbé ọrùn sókè. "Ní tiwa, a dúpẹ́."

Bó ṣe ń lọ nìyẹn, láti oṣù dé oṣù. Iṣẹ́ náà ló ti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé nǹkan wọ́, òun ni wọ́n ń bi pé níbo lo wà nígbà tó ń wọ́. Ọ̀gá Ọ̀dà kì í pa ìpàdé jẹ, àmọ́ igun ló máa ń jókòó sí, á di fìlà rẹ̀ mú, kò sì ní fọhùn. Nígbà tó yá, àga tó ṣófo ju èyí tí èèyàn wà lórí rẹ̀ lọ. Àwọn kan ti ń sọ pé àwọn ò ní san ti ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀gá pátápátá náà pe Anti Ẹ-Ṣọ́ra lórí fóònù: "Ọdún ti ń parí lọ o, Anti. Títí di ọjọ́ Ajé, kí n gbọ́ tẹnu yín."

Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí ìpàdé Sátidé bá tún rí bíi ti tẹ́lẹ̀, òun á padà sórí àga òun.

"Màá bá ẹ lọ," ni ìyá wí.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, Màámi?"

"Bí èèyàn bá fẹ́ lọ sin nǹkan, a kì í jẹ́ kó nìkan lọ."

Òjò ń rọ̀ ní Sátidé náà, òtútù mú. Ìyá gba ìdí tíì mọ́ra. Wọ́n gbé tábìlì sẹ́bàá ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n gbé kẹ́tùlù oníná lé e, ẹnì kan tún gbé ẹ̀rọ tó ń mú yàrá móoru wá. Ojú iná kan náà lára ògiri ni wọ́n ki wáyà méjèèjì bọ̀. Anti Ẹ-Ṣọ́ra ń to àga nígbà tó rí i pé ṣéènì wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, àgádágodo sì wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti jí bébà ìtẹ̀wé onílé kó, ìyẹn ló jẹ́ kó tì í pa. Ó ní òun á lọ bá a nísàlẹ̀ kó wá ṣí i. Bó ṣe yíjú báyìí, àwọn tó kọ́kọ́ dé ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Ó kí wọn, ó gba agboòrùn lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà sì fò ó.

Ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Ní tiwa, a dúpẹ́. Ní tiwa náà, a dúpẹ́. Anti Ẹ-Ṣọ́ra jókòó níwájú wọn, ó ti ń fọkàn rí àga tó ń yí.

Yìnyín ló kọ́kọ́ fi imú fa afẹ́fẹ́. "Kí ló ń rùn?"

Iná ló dá a lóhùn. Wáyà abẹ́ tábìlì ti yọ́, iná gba aṣọ orí tábìlì, èéfín dúdú sì dí ẹnu ọ̀nà iwájú. Wọn ò pariwo, wọn ò ti ara wọn. Wọ́n dìde bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn, wọ́n tò lọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bí ọmọ ilé-ìwé. Alákàbà ló ṣíwájú. Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, ó tì í.

Ṣéènì dún.

Ó tún tì í. Ó tún dún. Ìyá ni wọ́n ń gbọ́ tó ń wúkọ́ nínú èéfín lọ́hùn-ún.

Ọ̀gá Ọ̀dà ló gba àárín èéfín kọjá. Ó fa ìyá náà sẹ́yìn, ó tẹ bọ́tìnnì iná ara ògiri pa, ó bọ́ kóòtù òjò rẹ̀ tó ti tutù, ó bò ó mọ́ iná náà, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kú. Nígbà tí wọ́n ṣí fèrèsé tí èéfín jáde, wọ́n rí i pé iná náà kò ju ti inú ààrò lọ. Aṣọ tábìlì jóná, kẹ́tùlù bàjẹ́, ọwọ́ Ọ̀gá Ọ̀dà bó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Alákàbà ṣì dúró, ó di ṣéènì náà mú.

"Mo rí i," ó wí.

"Kí lẹ rí?"

"Ṣéènì yìí. Bí mo ṣe wọlé ni mo ti rí i. Mo ní, àárín àwọn tó mọ iṣẹ́ jù mí lọ ni mo wà, wọ́n á ti rí sí i."

"Èmi náà rí i," ni Yìnyín wí. "Mo ní ọ̀rọ̀ onílé ni."

"Èmi ni mo gbé àga tì í," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i," ni Anti Ẹ-Ṣọ́ra wí. "Mo ti fẹ́ lọ pe onílé."

Ìyá wúkọ́ lórí àga rẹ̀. "Èmi nìkan ni mi ò rí i. Tíì ni wọ́n ní kí n máa wò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. Alákàbà fa àga kan, ó jókòó, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó sọ ti àkàbà kan tó já lókè ilé gogoro, àti bébà tí àwọn fọwọ́ sí pé àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, láìsí ẹnikẹ́ni tó gòkè. Yìnyín sọ ti yàrá òtútù tí kò ṣeé ṣí láti inú, àti ọkùnrin tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀ nígbà tí gbogbo èèyàn lọ jẹun. Ìyàwó rẹ̀ tó wá gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún un, tó sì takú pé òun ò lọ láìrí i, ló yọ ọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń tu egungun ẹja kúrò lọ́fun. Àwọn tó kù ń gbọ́, wọ́n ń béèrè pé irú ilẹ̀kùn wo ni, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ wò ó.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá Ọ̀dà dìde ní igun rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú abọ́ omi, ó gbé abọ́ náà dání. Kò wo ẹnikẹ́ni àfi ìyá.

"Màmá, èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà."

Anti Ẹ-Ṣọ́ra fẹ́ dìde. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí i pé kó jókòó.

"Mo débẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti dán afẹ́fẹ́ wò. Ẹnì kan ní wọ́n ti dán an wò. Mi ò bi í pé ta ló dán an wò. A pọ̀ lẹ́nu táńkì náà, Màmá. Kálukú rò pé ẹnì kejì ti ṣe é." Ó gbé ẹsẹ̀ kan sún mọ́ ìyá náà. "Ó ń súfèé bó ṣe ń wọlé. A ń gbọ́ ọ láti inú, ó ń dún rere bí ẹni wà nínú gbọ̀ngàn ńlá. Nígbà tó dákẹ́, a rò pé ó ti gbájú mọ́ iṣẹ́ ni."

Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dúró. Ìyá náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, àfi bí ẹni pé aṣọ kan wà níbẹ̀ tó ń ká.

"Orin wo ló fi ń súfèé?" ó béèrè.

Ọ̀gá Ọ̀dà ká ètè jọ, ó gbìyànjú, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. "Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, Màmá."

"Kò burú. Mo mọ orin rẹ̀." Ó fa àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sún mọ́ra. "Wá jókòó. Omi yẹn ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n pààrọ̀ ẹ̀ fún ẹ."

Ní ọjọ́ Ajé, fóònù dún.

"Àga yín rèé o," ni ọ̀gá pátápátá wí.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni náà máa wá sọ́dọ̀ wa lóṣooṣù."

"Kí ló fẹ́ wá sọ fún yín?"

"Ti táńkì, sà."

Ọ̀gá náà gbé fóònù sílẹ̀. Kò rán ẹnikẹ́ni wá. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní Sátidé náà san ti ọdún tuntun, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mú ẹnì kan wá. Iṣẹ́ náà kò sọ Anti Ẹ-Ṣọ́ra di olówó. Ó gbé e ró, ìyẹn tó o.

Bí aládùúgbò bá bi ìyá léèrè pé kí ni àkọ́bí rẹ̀ ń ṣe báyìí, á ní, "Mẹ́gàádì náà ni. Kò kàn ní ọ́fíìsì mọ́ ni."

Òun náà kì í pa ìpàdé jẹ. Kì í dúró ti tíì mọ́. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ń gbé àga rẹ̀ sí, òun ló ń ṣí i sílẹ̀ gbayawu kí ẹnikẹ́ni tó jókòó. Atẹ́gùn a máa fẹ́ wọlé, àwọn kan a máa ráhùn.

"Màmá, òtútù yìí mà pọ̀ o!"

"Ẹni tí òtútù bá mú, kó wọ súwẹ́tà."

Anti Ẹ-Ṣọ́ra á wá dìde, á béèrè pé ta ló ní ó-kù-díẹ̀. Kí ẹni tí á kọ́kọ́ sọ tó la ẹnu, bí yàrá náà bá pa rọ́rọ́, wọ́n á gbọ́ ìyá lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tó ń súfèé wẹ́wẹ́ sí ìta.